Bàbá Tó Ń Ra Ohun Gbogbo Ní Méjì

Gbogbo ẹni tó wá kẹ́dùn pẹ̀lú wa nígbà tí Bàbá mi àgbà jáde láyé ló sọ gbólóhùn kan náà: ẹni rere lọ. Wọ́n sọ ọ́ lójúde, wọ́n sọ ọ́ lórí ìjókòó, wọ́n tún un sọ nígbà tí wọ́n ń wọ bàtà wọn padà. Mo dá wọn lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, ẹ kò ní í rí ibi.” N kò purọ́. Ẹni rere ni Bàbá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí mo ń dáhùn, nítorí pé ojú ń tì mí. Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀fọ̀ ló wọ̀ mí lọ́rùn.

Obìnrin kan wà ní Oko Ọba tí kò sọ gbólóhùn náà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ni mo fi rọ́pò ìyókù. Ẹni tí ó bá rí àṣìṣe nínú ìkọ̀wé mi, kí ó forí jì mí, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tìtorí rẹ̀ kọ etí dídi sí ohun tí mo wí.

Làmídì ni orúkọ Bàbá. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá, Agége ni wọ́n sì ti lo agbára wọn tán, níbi tí wọ́n ti jẹ́ olùtọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ìṣe-búrẹ́dì kan tí àwa ń pè ní béékìrì Alájà, nítorí Alájà tó ni ín. Èmi ni Kẹ́hìndé. Obìnrin ni Táíwò, ẹni tí a jọ wá. Ìyá wa kú nígbà tí a ṣì ń rá lórí ẹní. Bàbá tó bí wa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, kì í sì í pẹ́ nílé. Bàbá ni wọ́n kó wa sọ́dọ̀ tí wọ́n fi wá ṣe ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti gbàgbé Làmídì tí wọ́n sì ń pè wọ́n ní Bàbá Ìbejì.

Kò sí ohun tí Bàbá rà ní ẹyọ kan fún wa rí. Ife méjì, ẹní méjì, àpò ilé-ìwé méjì tí àwọ̀ wọn dọ́gba. Ọjọ́ kan tí a lọ ra sálúbàtà ọdún ní ọjà Ọgbà, ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ oníbàtà nínú irú èyí tí Táíwò nawọ́ sí.

“Bàbá, ìkan ló kù o. Ẹ gbé e fún ìyàwó mi kékeré yìí, kí ẹ wá mú t’ọkùnrin lọ́la.”

“Lọ́la? Báwo ni yóò ṣe rìn dé ọ̀la?”

“Bàbá, bàtà ṣáà wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.”

“Bàtà èṣí nìyẹn.”

Oníbàtà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ìbejì yìí, ẹ ń yọ ayé lẹ́nu!”

“Èmi kọ́ ni mo bí wọn,” ni Bàbá wí. “Èmi ni mò ń là wọ́n níjà.”

Ọwọ́ òfìfo la gbé délé. Táíwò sunkún láti ẹnu ọjà títí dé ojú ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń kó yanrìn máa ń gbà kọjá. Bàbá dúró, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn, níbi tí táyà méjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. “Ṣé ẹ rí wọn? Ìbejì ni àwọn náà. Bí atẹ́gùn bá tán nínú ọ̀kan, ìkejì ni yóò ru gbogbo ẹrù, òun náà yóò sì bẹ́.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n nu ojú Táíwò, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tí èmi àti òun kò lè gbàgbé: “Bí a bá wọ ọ̀kan láṣọ tí a fi ìkejì sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni a tú sí ìhòòhò.”

Kí n tó mọ nǹkan ni ìtàn kẹ̀kẹ́ wa ti wáyé, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé mo rí i. Kẹ̀kẹ́ ìtìkiri ọmọ tí àwọn olówó máa ń lò, oníjókòó méjì, Bàbá fúnra wọn ló fi iná jó o pọ̀. Àwọn irin kẹ̀kẹ́ ìkó-búrẹ́dì tí Alájà ti pa tì ni wọ́n gé, táyà rẹ̀ náà sì ni wọ́n lò. Ìjókòó méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì fẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n tì í délé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá. Ẹlòmíràn ì bá gé kẹ̀kẹ́ kù. Bàbá yọ férémù ilẹ̀kùn.

Lánlọ́ọ̀dù dé láti mọ́ṣáláṣí, ó bá ihò lára ògiri rẹ̀.

“Làmídì! Ta ló ní kó o yọ férémù mi?”

“Àwọn ọmọ ló fẹ́ wọlé, sà.”

“Irú ọmọ wo ló fẹ̀ tó báyìí?”

“Ìbejì ni wọ́n. Wọ́n jókòó pọ̀.”

“O ò lè to ọ̀kan sẹ́yìn ìkejì ni, bíi rélùwéè?”

Bàbá gbé wa sókè, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. “Èwo ni kí n fi síwájú, sà? Ẹ bá mi yàn án.”

Wọ́n ní lánlọ́ọ̀dù wo Táíwò, ó wò mí, ó tún wo Táíwò. Ó ní kí Bàbá dá férémù òun padà kí òjò tó dé, ó sì wọlé lọ. Férémù náà kò padà sípò títí tí a fi dàgbà ju kẹ̀kẹ́ lọ. Aṣọ ìkélé ni a fi ṣe ilẹ̀kùn. Bí àlejò bá béèrè ìdí rẹ̀, Bàbá a máa ní, “Ẹni tó bá yan ọ̀kan nínú ìbejì, òun ni kí ó lọ wí fún ìkejì.”

Ohun tó wà nílé yìí náà ló wà níbi iṣẹ́. Ní béékìrì, ẹ̀rọ kan wà tí à ń pè ní mílì. Ìyẹ̀fun tí a ti pò ni wọ́n máa ń tì bọ inú rẹ̀ léraléra, títí yóò fi dán tí yóò sì fà bí aṣọ. Ọ̀pá irin rọ̀bọ̀tọ̀ méjì ló dùbúlẹ̀ ti ara wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń yí sínú ara wọn. Ohun tó ń yí wọn ni jíà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lábẹ́ ìbòrí, eyín ọ̀kan nínú àlàfo ìkejì. Bàbá sọ wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n bá mú wa lọ síbẹ̀, wọ́n á ṣí ìbòrí náà, wọ́n á ní, “Ẹ kí àwọn orogún yín.” A ó sì kí jíà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kì í dákẹ́. “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti fún ẹ̀rọ lẹ́wà jẹ lónìí?”

“Gírísì ni ẹ̀wà tiwọn,” ni Bàbá máa ń dáhùn, wọ́n á sì fi ìka wọn tó dúdú kan ọmọ náà nímú.

Òfin kan wà nídìí mílì tí Bàbá kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú. Bí eyín jíà kan bá jẹ, àwọn méjèèjì ni a ó yọ, tuntun méjì ni a ó sì fi sí i. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹun lónìí mọ̀ pé òtítọ́ ni. Jíà tó ti bá ìkejì rẹ̀ yí fún ọdún púpọ̀, wọ́n ti jọ jẹ ara wọn; bí a bá mú tuntun wá bá a, eyín wọn kò ní í bára mu, ẹ̀rọ yóò máa há, yóò sì máa fò. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá fi kọ́ gbogbo wa nìyí: “Tuntun kì í kọ́ ògbólógbòó níjó, eyín rẹ̀ ló máa ń ká.”

Bàbá ní ìwà kan tí a máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Wọn kì í tọrọ àforíjì. Ní àkókò kan, wọ́n nà mí nítorí sípánà kan tó sọnù, inú àpò ṣòkòtò tiwọn sì ni sípánà náà wà. Wọ́n fọwọ́ kàn án nígbà tí wọ́n ń wá nǹkan mìíràn, wọ́n mú un jáde, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí wọn yóò wí. Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọ́n sì padà dé pẹ̀lú ẹran sísun nínú bébà, ọ̀nà méjì tó dọ́gba. Táíwò tí ẹnikẹ́ni kò nà pàápàá jẹ nínú rẹ̀. Táíwò, tí ẹnu rẹ̀ mú, ní, “Bàbá, ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé kó má bínú.” Bàbá kàn mi orí, wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde kì í mọ ọ̀nà ilé mọ́.”

Ó pa wá lẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ní béékìrì náà, àti ní àwọn béékìrì mìíràn láti Agége dé Ọgbà, gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi ń gba ọmọbìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí mílì. Bí ó bá lanu sọ̀rọ̀, tàbí tó rẹ́rìn-ín, ẹnìkan yóò ní, “Pa ẹnu mọ́ o. Ẹnu Rísí ló jẹ ọwọ́ Rísí.” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, ọmọ náà á sì pa ẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ènìyàn ni Rísí. Wọ́n rò pé òwe ni.

Ènìyàn ni. Rísíkátù ni orúkọ rẹ̀, Àǹtí Rísí ni èmi ń pè wọ́n. Ọmọge ni wọ́n nígbà tí mílì béékìrì Alájà gba ọwọ́ ọ̀tún wọn, tí ó kù sí kùkùté. Ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ni pé wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀, wọn kò wo ibi tí ọwọ́ wọn wà. Bàbá mi àgbà ló dá gbólóhùn náà sílẹ̀. Nígbà tí Alájà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Bàbá ló kọ́kọ́ lanu, nítorí pé àwọn ni ẹ̀rọ wà ní ìkáwọ́ wọn, ohun tí wọ́n sì wí nìyẹn: “Ẹnu Rísí ló jẹ ọwọ́ Rísí.” Ó dùn létí. Ìdí nìyẹn tí kò fi kú.

Bí kì í bá ṣe ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìsọ̀ mi ní Ọgbà, èmi náà ì bá gbà á gbọ́ títí n óò fi kú. Bàbá ti darúgbó nígbà náà, wọ́n máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, wọ́n á dijú, wọ́n á máa fi etí tún ẹ̀rọ ṣe. Oníbéékìrì kan gbé mílì rẹ̀ wá. Jíà méjèèjì ti jẹ, ṣùgbọ́n ẹyọ tuntun kan ni ẹni tó ń gbẹ́ jíà fún mi rí gbẹ́ parí.

“Kẹ́hìndé, jọ̀ọ́, dè é bẹ́ẹ̀,” ni oníbéékìrì wí. “Ìkejì á tẹ̀ lé e tó bá yá. Mo ti po ìyẹ̀fun sílẹ̀.”

N kò tíì dá a lóhùn tí ọ̀pá ìtilẹ̀ Bàbá fi ró gbàà nílẹ̀.

“Yọ ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀!”

“Bàbá, mi ò tíì ṣe nǹkan kan.”

“Mo ní kó o yọ ọ́!”

“Ẹ rọra, Bàbá,” ni oníbéékìrì wí. “Ẹ̀rọ mi ṣáà ni.”

“Ẹ̀rọ rẹ ni. Ọwọ́ ta ni yóò wọ inú rẹ̀? Ṣé ọwọ́ tìẹ ni? Dá mi lóhùn! Ọwọ́ ta ni?”

Ọkùnrin náà bínú, ó pe àwọn tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá pé kí wọ́n tún un gbé. Ó ní Bàbá àgbà yìí yóò ba ìsọ̀ mi jẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo lọ jókòó ti Bàbá lórí bẹ́ǹṣì. Mo gbé omi fún wọn, wọn kò mu ún. Wọ́n di ife náà mú, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi báyìí.

Iléyá ló kù sí dẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì kò sì gbọdọ̀ wọ́n ní Agége. Eyín jíà mílì jẹ. Ẹni tó ń gbẹ́ jíà fún wọn ní Ìkẹjà parí ọ̀kan, ó ní ìkejì di ẹ̀yìn ọdún. Alájà ní òun yóò pe àwọn ọ̀dọ́ kan láti Ìkẹjà tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè yá òun. Bàbá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kápá mílì òun tì. Wọ́n ní kí Alájà fọkàn balẹ̀. Wọ́n de tuntun kan mọ́ ògbólógbòó kan, wọ́n dá ìbòrí padà, wọ́n sì dákẹ́.

Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń há tí ó sì ń fò. Àǹtí Rísí, tó wà nídìí rẹ̀, kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wá bá Bàbá. Wọ́n ní, “Bàbá, mílì yìí ń ta bí ẹṣin.”

Bàbá dá wọn lóhùn lójú gbogbo ènìyàn pé, “Ẹnu rẹ ló ń ta. Padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Wọ́n padà. Ẹ̀rọ há. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti ìyẹ̀fun kí ó lè kọjá. Ẹ̀rọ fò.

Bàbá gbé ife omi sílẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n mẹ́nu ba Alájà, tàbí ẹni tó ń gbẹ́ jíà, tàbí Èṣù, bí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣe. Wọn kò mẹ́nu ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, “Kẹ́hìndé, èmi ni mo yà wọ́n.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rọ̀ wọ́n pé kí a lọ bá Àǹtí Rísí. Wọ́n á ní ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ kan tí ara wọn yá, wọ́n dédé wọ agbádá, wọ́n ní kí a máa lọ. A dé Oko Ọba. Ní tòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ni Àǹtí Rísí ti ń ta àpò ọ̀rá tí àwọn alápatà fi ń di ẹran. A dúró sí òdì kejì ọ̀nà, a sì ń wò wọ́n. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tajà. Èyí tó kù lára ọ̀tún wà lábẹ́ ìbòrí wọn. Oníbàárà kan dé, Àǹtí Rísí na ọ̀rá sí i.

“Ẹ̀ẹ́n! Ọwọ́ òsì ní kùtùkùtù? Ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?”

Àǹtí Rísí kò jiyàn. Wọ́n gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkùnrin náà sì mú un fúnra rẹ̀. Ó hàn pé bí wọ́n ti máa ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọdá.”

Bàbá tún fìlà wọn ṣe. Wọ́n ní, “Jẹ́ ká padà. Ọwọ́ rẹ̀ dí.”

Wọn kò tún dé ibẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nígbà tí Bàbá kú, Àǹtí Rísí wá kí wa. N kò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Wọ́n gbé ọsàn wá nínú ọ̀rá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì nà án sí Bọ̀ọ̀dá Mùrí, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi, olórí ẹbí nísinsìnyí.

“Ọwọ́ òsì?” ni Bọ̀ọ̀dá Mùrí wí. “Nílé ọ̀fọ̀?”

“Ẹ má bínú, sà,” ni Àǹtí Rísí dáhùn. “Òun ni mo ní.”

Ẹnìkan láti béékìrì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Rísí nìyẹn. Rísí ti mílì.” Ojú Bọ̀ọ̀dá Mùrí là. “Áà! Rísí tí ẹnu jẹ lọ́wọ́!” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín nílé òkú Bàbá mi, lójú ẹni tí Bàbá mi sọ di aláàbọ̀ ara, ọsàn tó gbé wá sì wà nílẹ̀ láàárín wa. N kò mọ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ojú mi nìkan ló tì. Ó dà bí ẹni pé gbogbo ara mi ló ń wá ibi tí yóò fi pamọ́ sí.

Ọjọ́ kejì ni èmi àti Táíwò lọ sí Oko Ọba. A sọ ohun gbogbo fún Àǹtí Rísí bí Bàbá ti sọ ọ́. Wọ́n ń ka ọ̀rá léra wọn nígbà tí à ń sọ̀rọ̀, wọn kò sì dúró.

“Ṣé ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́?”

“Ẹnu wọn ni, Àǹtí.”

“Pé mo wá sọ fún wọn pé ó ń ta?”

“Wọ́n sọ ọ́.”

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn dúró. Táíwò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe. Mo rò pé wọn yóò ní kí ẹbí wa wá gba ẹrù kan rù. Wọ́n ní, “Kí ẹ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín.”

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi àdúrà fídáù Bàbá fi ṣẹlẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń rò ó kiri pé mo mu nǹkan, tàbí pé ogún ni mo ń bá ẹbí jà lé lórí. N kò mu nǹkan kan. Ogún tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi ni mo ń pín.

Gbogbo ará béékìrì ló wà ní ìjókòó, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Alájà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọge ìdí mílì. Àǹtí Rísí wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agbada tí wọ́n fi se oúnjẹ. Àlùfáà ń béèrè orúkọ àwọn tí a fẹ́ kí a fi àdúrà rántí pẹ̀lú Bàbá. Mo dìde.

“Àlùfáà, ẹ bá wa fi Rísíkátù kún un.”

“Ta ni Rísíkátù? Ìgbà wo ló kú?”

“Kò kú, sà. Ọwọ́ rẹ̀ ló kú.”

Àlùfáà gbé ojú sókè. Ẹni tútù ni, kò sì mọ ohun tó ń béèrè. “Ta ló pa ọwọ́ rẹ̀?”

“Kẹ́hìndé, jókòó!” ni Bọ̀ọ̀dá Mùrí kígbe. “Ṣé òkú ẹni tó tọ́ ọ lo fẹ́ bọ́ láṣọ?”

Kí n tó lanu ni Táíwò ti dìde láàárín àwọn obìnrin. “Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ Bàbá náà ni. Bí a bá wọ ọ̀kan láṣọ tí a fi ìkejì sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni a tú sí ìhòòhò.”

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti jíà tuntun kan àti ògbólógbòó kan, mo sọ ti ìbòrí tí wọ́n dá padà, mo sì sọ ohun tí Àǹtí Rísí wá wí ní àárọ̀ náà àti èsì tí Bàbá fún wọn.  Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó yọ férémù ilẹ̀kùn kí n lè wọlé. Mo parí. Àwọn ọmọ Alájà ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Àǹtí Rísí dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agbada. Wọn kò wá síwájú. Láti ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì ga.

“Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe.”

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọ́n jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọge ìdí mílì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti Àǹtí Rísí lọ́jọ́ mílì lọ, sún mọ́ wọn, ó sì fi ọwọ́ òsì gba ife omi tó wà lọ́wọ́ òsì wọn, ó bá wọn gbé e sílẹ̀. Àlùfáà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pe orúkọ méjì. Àwọn kan ṣe àmín. Àwọn kan kò ṣe é.

Bọ̀ọ̀dá Mùrí kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ẹbí ní mo ti ta orúkọ Bàbá. Béékìrì Alájà kò rán ẹnikẹ́ni sí Oko Ọba. Kò sì pẹ́ tí mo gbé ẹ̀rọ lọ fún oníbàárà kan ní Agége, tí mo gbọ́ ọ láti inú ilé: “Pa ẹnu mọ́ o, ẹnu Rísí ló jẹ ọwọ́ Rísí.” Mo wọlé, mo ní irọ́ ni, mo ní ọmọ-ọmọ ẹni tó pa irọ́ náà ni mí. Wọ́n wò mí bí wèrè. Mo tún un sọ. N óò máa tún un sọ, ẹ̀yin tí ẹ sì ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ ọ́ níbikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ gbólóhùn náà: jíà kan ṣoṣo ni wọ́n pààrọ̀. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ó ti kìlọ̀.

Bàbá mi, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n parí ọ̀rọ̀ yìí nípa wíwí pé kí ẹ sùn re. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé a kì í fún ọ̀kan kí a fi ìkejì sílẹ̀. Orúkọ yín àti orúkọ Rísíkátù ti wọ ara wọn bí eyín jíà láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí tirẹ̀ bá sinmi ní Agége, ọjọ́ náà ni n óò wá sí ẹsẹ̀ ibojì yín, tí n óò wí fún yín pé kí tiyín náà sinmi.